Ooru Inú SSD àti Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde

Kò sí ohun tí ń ṣiṣẹ́ tí kì í gbóná. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan irin rẹ̀ yóò yára fà á padà. Ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, awakọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí ìdérí omi rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí omi gbígbóná lè fi ojú ènìyàn ṣe. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ní ọ̀sán gangan ń làágùn, òógùn náà ni ara rẹ̀ sì fi ń lé ooru jáde. Nítorí náà, nígbà tí SSD dé inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn tí ń tà á sì ń sọ pé kò sí ohun kan tí ń yí tàbí tí ń mì nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ooru ti tán nìyẹn. Ohun tí kò rìn, kí ni yóò mú un làágùn? Àṣìṣe ni èrò yìí jẹ́. SSD tí kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ lè gbóná débi pé yóò dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù, tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà náà yóò jókòó tì í, tí yóò máa ṣe kàyéfì ohun tí ó fà á.

SSD ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí a bá ní kí ó pa mọ́ sí: ìwé, àwòrán, orin, fíìmù, àti àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó dé, háàdì dísíìkì nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Inú háàdì dísíìkì ni àwo pẹlẹbẹ wà tí ń yí bí òòyì, tí apá kékeré kan sì ń lọ tí ń bọ̀ lójú rẹ̀ láti kọ̀wé àti láti kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. SSD kò ní àwo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní apá. Àwọn ṣíìpù dúdú ni ó ní, tí a lẹ̀ mọ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣíìpù tí ń pa nǹkan mọ́ nínú wọn ni a ń pè ní fíláàṣì. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba, ni ó ronú kàn án. Ní ọdún 1987 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi irú èyí tí SSD ń lò lónìí han àwọn onímọ̀. Àìmọye yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó wà nínú ṣíìpù bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n iná mànàmáná tí a bá sé mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ó dúró fún ohun tí a kọ síbẹ̀. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn àwọn yàrá náà wà ní títì, ohun tí a kọ kò sì ní lọ.

Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í gba inú ohun èlò kọjá kí ó má fi ooru sílẹ̀. Gbogbo agbára iná tí SSD bá gbà, ooru ni ó ń dà níkẹyìn. Àwọn SSD tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ lò wà nínú àpótí pẹlẹbẹ, okùn tí a ń pè ní SATA ni a sì fi so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọn kì í gbà ju wáàtì díẹ̀ lọ, nítorí okùn náà kò jẹ́ kí wọ́n sáré jù: kò lè gbé ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 550 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí wọn fẹ̀, irin ni a sì fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ìwọ̀nba ooru tí ó wà níbẹ̀ a máa tàn ká, a sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní irú èyí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní láti ra ohunkóhun nítorí ìtutù rẹ̀. Kí ó fi owó náà ra ìwé.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí M.2 dé. M.2 ni a ń pe pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, tí gígùn èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ sì jẹ́ mílímítà 80. A kì í fi okùn so ó. Ńṣe ni a ń kì í bọ ihò lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, èyíinì ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé lórí. Láti nǹkan bí ọdún 2015 ni àwọn SSD M.2 tí ń gba ọ̀nà PCIe bẹ̀rẹ̀ sí dé ọwọ́ àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà fún ilé wọn. Ọ̀nà yìí gbòòrò ju okùn SATA lọ púpọ̀púpọ̀. Àwọn ti ìran kẹta lè ka nǹkan bí mẹ́gábáìtì 3,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ti ìran kẹrin dé nǹkan bí 7,000. Àwọn ti ìran karùn-ún, tí ó dé ọjà ní ọdún 2023, kọjá 10,000, àwọn kan tí ó tẹ̀lé wọn sì ti kọjá 14,000. Ẹ wo bí eré náà ti pọ̀ tó! Ṣùgbọ́n asáré kì í ṣàì làágùn. Wáàtì díẹ̀ di 5, 5 di 7, ó sì kọjá 10 fún àwọn kan nínú ìran karùn-ún nígbà tí iṣẹ́ bá le.

Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé wáàtì 10 kò tó nǹkan. Lóòótọ́, káàdì àwòrán ńlá tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà lè gba wáàtì 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n káàdì àwòrán ní irin ńlá lára, ó sì ní fáànù méjì tàbí mẹ́ta tí ń fẹ́ sí i láìsinmi. SSD M.2 kò ní ju ara rẹ̀ lásán lọ bí a kò bá fún un ní nǹkan. Kì í ṣe iye ooru nìkan ni ó ń pinnu bí ohun kan yóò ti gbóná tó. Bí àyè tí ooru náà yóò gbà jáde bá ti fẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì. Èlùbọ́ tí a kó jọ sójú kan kò lè yára gbẹ bí èyí tí a tẹ́ sórí àpáta gbalasa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru tí ó wà lójú kan ṣoṣo.

Ojú kan ṣoṣo ni ó sì wà ní tòótọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ara SSD ni ó ń gbóná bákan náà. Láàárín àwọn ṣíìpù orí rẹ̀, ọ̀kan wà tí a ń pè ní olùdarí. Olùdarí yìí dà bí akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tí gbogbo lẹ́tà ìlú ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òun ni ó ń yan yàrá tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀, òun ni ó ń rántí ibi tí ó fi í sí, òun ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń tún un ṣe. Òun náà ni ó ń rí i pé a kò lo àwọn yàrá kan ní àlòjù kí àwọn mìíràn sì wà lásán. Bí eré SSD bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ akọ̀wé yìí ń pọ̀ tó, ara rẹ̀ ni ooru sì ti ń pọ̀ jù lọ. Àwọn ṣíìpù fíláàṣì ń gbóná, ṣùgbọ́n ooru tiwọn kò tó ti olùdarí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá: ẹni tí ó bá fẹ́ tu SSD lára, olùdarí ni kí ó kọ́kọ́ wá kàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìhà ibi tí eyín wúrà SSD náà wà ni olùdarí máa ń wà.

Àwọn tí ó ṣe SSD mọ̀ pé yóò gbóná, nítorí náà wọ́n fi ohun tí ń wọn ooru sí inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn kọ sílẹ̀ fún SSD ti inú ilé ni láti 0 dé 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ààlà méjì tún wà nínú ara ẹ̀rọ náà, èkínní fún ìkìlọ̀, èkejì fún ewu. Fún ọ̀pọ̀, ìkìlọ̀ náà kò jìnnà sí dígírì 80 tàbí ó lé díẹ̀. Bí ooru bá ti kan ààlà, SSD yóò mú ẹsẹ̀ dúró díẹ̀, bí arìnrìn-àjò tí ó rí igi ńlá tí ó sì jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, yóò tún gbéra. Èyí kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àmì pé ohun tí a pa mọ́ ti bàjẹ́. Ọgbọ́n ìdáàbòbò ara ni.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ayàwòrán kan tí ó ya ayẹyẹ ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé, tí àwọn tí ó gbéṣẹ́ fún un sì ń retí fíìmù wọn. Ó ní gígábáìtì 600 láti dà láti inú SSD kan sí òmíràn. Bí SSD náà bá ń gba mẹ́gábáìtì 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ náà yóò parí ní ìṣẹ́jú 5. Bí ooru bá mú un lọ sílẹ̀ dé 500, ó di ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ti pàdánù ju wákàtí méjì lọ. Ní ọdún 2023 pàápàá, ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀: àwọn tí ń dán ẹ̀rọ wò rí i pé àwọn SSD kan nínú ìran karùn-ún, bí a bá lò wọ́n láìfi irin kankan bò wọ́n, kò kàn dẹ ẹsẹ̀, ńṣe ni wọ́n dákẹ́ pátápátá, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí wọn mọ́ títí a fi pa á tí a tún tàn án. Àwọn tí ó ṣe wọ́n tún ètò inú wọn ṣe kí wọ́n lè máa dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá dé bá láàárín iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ kò ní rẹ́rìn-ín.

Báwo ni a ṣe ń lé ooru náà jáde? Ìrìn àjò ni ooru ń rìn: láti inú ṣíìpù bọ́ sí ara irin, láti ara irin bọ́ sínú afẹ́fẹ́, láti inú afẹ́fẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà bọ́ sí ìta. Bí ọ̀nà bá dí níbì kan ṣoṣo, gbogbo ìrìn náà dúró.

Irin ni a kọ́kọ́ ń fi pàdé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé ṣíbí irin sínú ọbẹ̀ tí ó wà lórí iná mọ bí irin ti ń gbé ooru kíákíá, ó sì mọ̀ pé orógùn igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àlùmíníọ̀mù ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ tí ó dúró sójú kan lọ ní ìgbà tí ó ju 8,000 lọ. Bàbà tún dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àlùmíníọ̀mù ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú irin tí a ń tẹ́ lé SSD, tí a lè pè ní irin agbooru. A máa ń gé e ní ìlà-ìlà tàbí kí a ṣe é bí eyín òòyà, kí afẹ́fẹ́ lè rí ojú púpọ̀ fọwọ́ kàn.

Irin yìí ní iṣẹ́ kejì tí àwọn ènìyàn kì í sábà ronú lé. Ó ń gba àkókò kí òun fúnra rẹ̀ tó gbóná. Bí irin àlùmíníọ̀mù kan bá wúwo tó gíráàmù 50, tí SSD sì ń da wáàtì 10 sí i lára, yóò tó ìṣẹ́jú 3 kí ó tó fi dígírì 40 gbóná sí i, bí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé kì í le lójú méjèèjì fún ìṣẹ́jú 3. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó ń ka ìròyìn, tí ó ń wo fíìmù, tàbí tí ó ń ta ayò orí kọ̀ǹpútà, kàn ń kan SSD rẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ó bá mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ti tó. Àwọn irin gàgàrà tí ó ní fáànù kékeré lórí, tí wọ́n ń tà lọ́wọ́n gógó, kì í ṣe fún un. Fáànù kékeré bẹ́ẹ̀ a máa pariwo bí ẹ̀fọn létí, eruku a sì tètè dì í lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni àárín ṣíìpù àti irin. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ojú méjèèjì jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn léra wọn, ojú kéékèèké díẹ̀ ni wọ́n ti ń kanra. Afẹ́fẹ́ ni ó kún ìyókù, a sì ti rí i pé afẹ́fẹ́ tí ó dúró kì í gbé ooru dáadáa. Nítorí náà ni a ṣe ń fi rọ́bà rírọ̀ kan sáàárín wọn, èyí tí a pò pọ̀ mọ́ ohun tí ń gbé ooru, kí ó lè kún gbogbo kòtò náà. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi bo rọ́bà yìí kí ìdọ̀tí má bà a lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu lè ya ènìyàn láti gbọ́ iye àwọn tí ó ti de irin mọ́ SSD wọn pẹ̀lú ọ̀rá náà lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń ráhùn pé irin kò ṣiṣẹ́. Bíbo ọ̀rá náà kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Bí rọ́bà bá tún fẹ́lẹ́ jù, kò ní kan olùdarí; bí ó bá nípọn jù, tí a sì fi agbára de síkúrù lé e, pátákó SSD yóò tẹ̀ bí ọrun. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni a ń de síkúrù irú èyí, kì í ṣe bí ìgbà tí a ń de taya ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ bébà tí a lẹ̀ mọ́ ojú SSD náà tún wà. Àwọn kan a máa bó o kúrò nítorí wọ́n rò pé ó ń dí ooru lọ́nà. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Lára àwọn SSD kan, ìpele bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú bébà náà tí ń tan ooru ká. Lára ọ̀pọ̀ mìíràn, ẹni tí ó bá bó o ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù láti dá ẹ̀rọ náà padà bí ó bá bàjẹ́. Ohun tí bébà yìí ń dí lọ́wọ́ kò tó ohun tí a ń fi bíbó rẹ̀ pàdánù.

Lẹ́yìn irin ni ó kan afẹ́fẹ́. Irin agbooru tí a kò fi ẹ̀rọ amúlétutù ràn lọ́wọ́ kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá gidigidi. Ìwé tí a kọ ní ìlú òtútù lè wọn SSD kan nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígírì 20. Bí a bá gbé SSD kan náà, irin kan náà, iṣẹ́ kan náà, wá sí yàrá kan ní Ìbàdàn ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí ooru rẹ̀ jẹ́ 32, a ó fi nǹkan bí dígírì 12 kún iye tí ìwé náà wí. SSD tí ó dúró ní 72 níbẹ̀ yóò bọ́ sí 84 níhìn-ín, èyí tí ó lè mú un kọjá ààlà ìkìlọ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà sì tún gbóná ju ti yàrá lọ. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ihò M.2 àkọ́kọ́ wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán, nígbà mìíràn abẹ́ káàdì náà gan-an ni ó wà. Àwọn káàdì ńlá kan ń gba tó wáàtì 450. SSD tí ó wà níbẹ̀ dà bí ọmọ tí a tẹ́ ẹní fún lẹ́bàá ààrò: bí a tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, yóò ṣì máa làágùn. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ní ihò mìíràn tí ó jìnnà sí káàdì, gbígbé SSD lọ síbẹ̀ lè ṣe ju irin olówó ńlá lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí a ka ìwé ìtọ́ni mọ́dábọ́ọ̀dù náà ṣáájú, nítorí kì í ṣe gbogbo ihò ni eré rẹ̀ dọ́gba. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí a bá lò ó, ihò mìíràn yóò dákẹ́.

Fáànù iwájú àpótí ni ó yẹ kí ó máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, kí ti ẹ̀yìn àti ti òkè máa lé èyí tí ó gbóná jáde. Bí ènìyàn bá ń ṣílẹ̀kùn iwájú tí ó sì ti ti ẹ̀yìn pa, atẹ́gùn kì í wọlé dáadáa. Àwọn tí ń kọ́ ilé mọ èyí. Fáànù ńlá kan tí ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kọjá lórí irin SSD dára ju àìmọye ìpolówó lọ. Kò sì yẹ kí a ti kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri tàbí kí a sé e mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ dáradára tí àwọn ìyá wa máa ń fi bo ohun èlò ilé kí eruku má bà á bà á, ó yẹ kí a ká a kúrò kí a tó tan kọ̀ǹpútà, nítorí òun gan-an ni ó ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú fáànù àti àárín eyín irin bí ìyẹ̀fun. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbá a kúrò, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó yọ okùn iná, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ṣe é. Kí ó di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí ó bá ń nù ún.

Kí a tó ná owó, ó yẹ kí a wọn ooru náà ná. Kò sí ìdí láti fi ọwọ́ kàn án. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ CrystalDiskInfo fún àwọn tí ń lo Windows, òmíràn tí ń jẹ́ smartctl sì wà fún àwọn tí ń lo Linux. Méjèèjì lè ka iye tí SSD ń sọ nípa ara rẹ̀. Kí a wo iye náà nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà kí a da fáìlì ńlá kan sí i, kí a sì máa wo iye náà bí ó ti ń gòkè. Bí SSD bá dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ooru rẹ̀ wà ní 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru ni ó mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní 55, ẹjọ́ ooru kọ́.

Ohun tí ó sábà máa ń fa ti ìkẹyìn yìí ni bí SSD ti ń gba àlejò. Yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ fíláàṣì òde òní lè gba bíìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n kíkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sínú yàrá kan ń gba àkókò. Nítorí náà, SSD a kọ́kọ́ fi bíìtì kan ṣoṣo sí yàrá kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ lè yá, a sì tún wọn tò nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Bí fáìlì bá tóbi jù, àyè ìgbàlejò yìí a kún, SSD a sì padà sí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti lọ ra irin agbooru nítorí èyí. Wọ́n dà bí ẹni tí ó ra oògùn ibà fún ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí ó lè ran irú SSD bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kí a fi àyè tí ó tó sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí a má kún un dé ẹnu.

Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ gbogbo èyí, ó lè rò pé bí SSD bá ti tutù tó ni ó ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùdarí ni ó ń jàǹfààní ìtutù jù. Yàrá fíláàṣì kò kọ ìlọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí a bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ohun tí a kọ nígbà tí ara rẹ̀ móoru tilẹ̀ ń pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tí a kọ nínú òtútù lọ. Dígírì 50 tàbí 60 lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí a bá pa SSD tí a sì gbé e pamọ́ ni ooru ń di ọ̀tá yàrá náà ní tòótọ́, nítorí nígbà náà ni iná tí a sé mọ́ inú rẹ̀ ń jò lọ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú jíjò náà yá. Àjọ JEDEC, tí ń fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ṣíìpù, sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2010 pé SSD ti inú ilé tí a ti kọ̀wé sí títí iye ìkọ̀wé tí a dá fún un fi pé, gbọ́dọ̀ lè pa ohun inú rẹ̀ mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, bí ibi tí ó wà bá jẹ́ dígírì 30. Bí a bá fi 5 kún ooru ibi ìpamọ́ náà, àkókò yìí ń dín kù tó ìdajì. Ní dígírì 40, ó lè ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta. SSD tí ó ṣì jẹ́ tuntun ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Síbẹ̀, SSD àtijọ́ tí àwòrán òbí ẹni wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orí àjà lábẹ́ páànù ni a ń gbé e sí. Yàrá tí ó tutù jù nínú ilé ni ààyè rẹ̀, kí a sì máa mú un jáde láti ìgbà dé ìgbà, kí a fún un ní iná, kí a sì da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn pẹ̀lú.